Ìyàwó Tó Jókòó

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ bí ìtìjú ṣe ń rí lára, kó jókòó sórí àpótí, kó máa wo ìyá ọkọ rẹ̀ tó ń bá ìró jìjàkadì, kó má sì dìde. Kó jókòó bẹ́ẹ̀ lọ́sàn-án gangan, kí ilẹ̀kùn ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu, kí àwọn ará àdúgbò máa lọ, kí wọ́n máa bọ̀. Èmi jókòó bẹ́ẹ̀ láyé ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, nígbà tí mo ṣì kéré ju àbíkẹ́yìn mi ti ìsinsìnyí lọ. Wọ́n ní kí n jókòó ni.

Ojowo la ń gbé, ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Àgọ́-Ìwòyè ni wọ́n ti gbé mi wá, kò sì jìnnà rárá, ṣùgbọ́n lójú àwọn obìnrin ilé ọkọ mi, àfi bíi pé òkè òkun ni mo ti wá. Ọkọ mi wà nídìí gẹdú nínú igbó apá Abigi, lọ́nà ibi omi. Ọjọ́ Jímọ̀ mélòó kan ló ń wálé, kó kírun, kó jẹun, kó wo ojú ìyá rẹ̀, kó tún padà sínú igbó. Èmi ń ránṣọ. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọmọ mi wà lẹ́yìn mi, ìyá ọkọ mi sì wà lórí àga níwájú mi láti àárọ̀ títí di alẹ́.

Ìyé là ń pè é, bí àwa Ìjẹ̀bú ṣe ń pe ìyá. Ẹ má sì bínú pé "ó" ni mo ń pe àgbàlagbà. A kì í fi "ẹ" àti "wọn" bọ̀wọ̀ fúnni nílé wa, orúnkún la fi ń bọ̀wọ̀. Lẹ́nu wa, “wẹ” ni ìwọ, “mée” ni n kò, “éè” ni kò.

Kí àìsàn tó dé, kò sẹ́ni tó lè sọ fún Ìyé pé kó jókòó. Obì ló ń tà. Owó obì náà ló fi kọ́ ilé oníyàrá méjì sí Atikori, àdúgbò mìíràn nínú ìlú wa, lẹ́yìn tí ọkọ rẹ̀ kú, ibẹ̀ ló sì ń dá gbé. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó wá máa gbé lọ́dọ̀ wa, ó ní ilé ọmọ kì í ṣe ilé ẹni. Kọ́kọ́rọ́ ilé yẹn ló máa ń so mọ́ etí ìró rẹ̀. Bó bá ń rìn bọ̀, a ó ti máa gbọ́ ọ tó ń lu owó ẹyọ inú aṣọ.

Ọjọ́ kan ló ti Ilaporu dé pẹ̀lú agbọ̀n obì, ó fẹ́ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, apá ọ̀tún kò dá a lóhùn. Kí ó tó là á yé wa, ẹsẹ̀ ọ̀tún náà ti kọ̀. Rọpárọsẹ̀ ni. Ó lò tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan ní ilé ìwòsàn, wọ́n wá gbé e fún wa. Ohun àkọ́kọ́ tó bi mí nígbà tí mo ró ìró mìíràn fún un ni pé níbo ni kọ́kọ́rọ́ òun wà. Mo so ó mọ́ etí aṣọ náà fún un. Láti ọjọ́ yẹn, gbogbo ìgbà tí ó bá pààrọ̀ ìró, èmi ni mo ń so kọ́kọ́rọ́.

Ilé ìwòsàn ló rán ọ̀dọ́mọkùnrin kan sí wa. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti kọ́ ẹni tí apá tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kú bí yóò ṣe tún máa lò ó. Kẹ̀kẹ́ ló ń gùn wá lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Kò sí orúkọ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ládùúgbò wa, wọ́n bá sọ ọ́ ní Dókítà Awọ́ra. Ìyé ní irú awọ́ra wo rèé tí kì í wọ́ra! Òótọ́ ni, kò fi òróró pa á, kò fi omi gbígbóná jó o. Àṣẹ ló ń pa: ẹ tẹ̀ síwájú, ẹ fi ọwọ́ òsì ti àga, ẹ dìde, ẹ tún jókòó. Ará apá Ọ̀yọ́ ni, "ẹ" rẹ̀ kò sì lóǹkà.

Ohun kan wà tí mo gbọ́dọ̀ fi yìn ín. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wá, kò bi èmi, kò bi ọkọ mi. Ó lóṣòó síwájú Ìyé, ó ní, "Ìyá, kí lẹ fẹ́ kí ara yín lè ṣe?"

Ìyé ní, "Mo fẹ́ padà sí ulé mi."

"Sí ilé yín ní Atikori?"

"Ulé mi. Mée fẹ́ kú sí ulé ẹlòmíì."

Ọkọ mi sọ pé, "Ìyé, èmi ni ẹlòmíì?"

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní, "Ẹ ó padà sílé yín. Tí ẹ bá ti lè dá dìde, tí ẹ dá wẹ̀, tí ẹ dá wọṣọ, kò sí ẹni tó máa dá yín dúró." Ó wá yíjú sí mi. "Ẹ̀yin ìyàwó, ẹ má ràn wọ́n lọ́wọ́. Iṣẹ́ yín nìyẹn. Ohun tí ẹ bá bá wọn ṣe lónìí, wọn ò ní lè ṣe é lọ́la. Ẹ jókòó, ẹ máa wò wọ́n. Bí wọ́n bá fẹ́ ṣubú, ẹ dìde. Bí kò bá jẹ́ pé wọ́n fẹ́ ṣubú, ẹ jókòó." Síso kọ́kọ́rọ́ nìkan ló yọ̀ǹda fún mi, torí ọwọ́ kan kò lè ta kókó.

Ó rọrùn fún un láti wí. Òun kọ́ ni wọ́n fẹ́ sílé. Wọ́n ti kọ́ mi láti kékeré pé ìyàwó tó bá rí omi lọ́wọ́ ìyá ọkọ rẹ̀ tí kò gbà á, ilé ìyá rẹ̀ ló tà. Báwo ni mo ṣe fẹ́ jókòó? Ṣùgbọ́n Ìyé fúnra rẹ̀ wò mí, ó ní, "O gbọ́ hun tó wí. Jókòó." Mo bá jókòó.

Ọkọ mi kó pákó arère wá láti ibi iṣẹ́, ó ri igi méjì tó gùn lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn mọ́ ẹ̀yìnkùlé, kí ìyá rẹ̀ lè máa di ọ̀kan mú rìn láàárín wọn. Ẹ̀yìnkùlé wa sì rèé, ọ̀nà tí gbogbo àdúgbò ń gbà lọ sídìí ẹ̀rọ omi ló wà. Ìyé a máa wọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ nílẹ̀ láàárín igi, òógùn a máa bò ó, èmi a sì máa ṣa ìrẹsì lórí àpótí. Àwọn tó ń kọjá a kí wa. Bí wọ́n bá ti kọjá tán, n óò gbọ́ "họ́wù!" lẹ́yìn ògiri. Ojú ń tì mí tó bẹ́ẹ̀ tí n kò fi mọ̀ pé mo ti ń da ìrẹsì mọ́ òkúta.

Èmi náà fẹ́ kí Ìyé lọ sílé rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Kì í ṣe torí ìfẹ́ nìkan ni mo ṣe ń jókòó yẹn.

Abúrò bàbá ọkọ mi obìnrin, tí à ń pè ní Ìyá Kékeré, ló tú gbogbo rẹ̀ ká. Ọ̀sán ọjọ́ kan, Ìyé wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń gbìyànjú láti ró ìró rẹ̀. Bí a bá ti fi ìdí pa á mọ́lẹ̀ lápá kan, a ó fi ọwọ́ òsì wọ́ apá kejì yíká, a ó sì tẹ̀ ẹ́ bọ inú. Dókítà Awọ́ra ló kọ́ ọ. Ìró náà já bọ́, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ó tún já bọ́. Mo ń fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ mi, mo tẹjú mọ́ abẹ́rẹ́ kí n má baà rí ìtan ìyá ọkọ mi ní ìhòòhò. Ìgbà náà ni Ìyá Kékeré wọlé.

Ó ké! "Yéè! Ẹ gbà mí o! Ẹ wá wo hun tí ìyàwó ń fi ìyá ọkọ ṣe!"

Mo fò dìde. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Dókítà ló ní kí n má ràn án lọ́wọ́."

"Dókítà! Ṣé Dókítà ló fẹ́ wẹ ni? Wò ó bó ṣe ń rá nílẹ̀ bí ọmọ ọwọ́, wẹ sì ń ránṣọ!" Ó gbé Ìyé dìde, ó ró ìró fún un, ó ń sunkún. Ìyé fara lé e. Ó rẹ̀ ẹ́, èémí rẹ̀ kò délẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, ohun tí mo kà sí i ni pé ó fẹ́ràn bẹ́ẹ̀.

Kí wọ́n tó kírun ìrọ̀lẹ́, gbogbo àwọn obìnrin mọ́ṣáláṣí ti gbọ́. Nídìí ẹ̀rọ omi lọ́jọ́ kejì, wọ́n dákẹ́ nígbà tí mo dé. Bí mo ti gbé omi rù tán, wọ́n dá orin. Ìyàwó jókòó, ìyá ọkọ ń rá. Ta ló bí i, ta ló kọ́ ọ? Ìyá tó bí mi ni wọ́n ń bú nínú orin yẹn, èmi kọ́.

Ẹnu ayé kì í sì í dúró síbi kan. Ó rin ìrìn rẹ̀ dé Àgọ́-Ìwòyè. Ìyá mi wá. Aládùúrà ni ìyá mi, aṣọ funfun ló wọ̀ wọlé àwọn Mùsùlùmí lọ́sàn-án, kò wojú mi, ó lọ tààrà síwájú àga Ìyé, ó kúnlẹ̀. Ó ní, "Ìyá ọkọ ọmọ mi, bí mo bá kọ́ ọ báyìí, kí Ọlọ́run bi mí. Forí jì í. Forí jì mí." Ìyá Kékeré àti obìnrin méjì mìíràn dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wò ó. Ìyé na ọwọ́ òsì láti gbé ìyá mi dìde, kò lè ṣe é. Ó ń sọ pé, "Dìde, dìde," omi sì ń dà lójú rẹ̀. Ìyá mi kò dìde títí ó fi sọ ohun tó fẹ́ sọ tán. Mo ti ṣe ohun púpọ̀ láyé mi tí ojú fi tì mí. Kò sí èyí tó tó orúnkún ìyá mi lórí sìmẹ́ńtì yẹn.

Láti ọjọ́ náà ni Ìyé ti yí padà. Bó bá jẹ́ èmi àti òun nìkan, yóò dìde, yóò di igi mú, yóò rìn, yóò bu omi sí ara rẹ̀ lórí. Ìró kì í já bọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n bó bá ti gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà báyìí, yóò sọ ara rẹ̀ nù sórí àga bí ẹrù tí wọ́n sọ̀. "Ìyàwó mi, gbé mi. Ìyàwó mi, fi omi sí mi lẹ́nu." N óò dìde, n óò gbé e, n óò fún un lómi. Àwọn tó wọlé á ní, "Ọlọ́hun á bùkún ìyàwó rere." Ìyá Kékeré pàápàá bẹ̀rẹ̀ sí í fún mi lẹ́ran.

Inú bí mi. Mo rò pé Ìyé ń fi mí ṣẹ̀sín ni, pé ó ti rí i pé ó dùn láti jẹ́ kí wọ́n máa gbé òun kiri. Kí la fẹ́ pe èyí? Bó bá rìn láàárọ̀, á kú sílẹ̀ lọ́sàn-án. Mo ń gbé e, mo ń ṣépè nínú mi.

Ohun tó wá burú níbẹ̀ ni pé ọjọ́ tí Dókítà Awọ́ra bá ń bọ̀, ìran ni. Bí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ bá ti yà sí àdúgbò, àwọn obìnrin á tẹ̀ lé e, wọ́n á kún ẹnu ọ̀nà láti wo bí wọ́n ṣe ń kọ́ àgbàlagbà ní ìrìn. Níwájú wọn, Ìyé kò ní lè dìde. Dókítà á ní, "Ìyá, ẹ dìde." Ìyé á wojú mi, á ní kí n gbé òun. Kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, ńṣe ló ń le sí i. Ọ̀sẹ̀ bí mélòó kan ló ṣe bẹ́ẹ̀.

Mo tọ Dókítà lọ sídìí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Mo ní, "Ó ń rìn o. Bí ẹ bá ti lọ, á rìn." Ó wò mí bí ẹni ń wo ọmọdé tó jí ṣúgà. Ó ní, "Ìyàwó, ẹ̀yin lẹ ń pa wọ́n. Ẹ fẹ́ kí àwọn ènìyàn máa yìn yín." Mo fẹ́ bú u. Mo padà wọlé, nítorí pé ìyìn náà dùn mọ́ mi díẹ̀, ó sì ti rí i.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó sọ fún Ìyé níwájú gbogbo èrò pé òun kò ní wá mọ́, pé àwọn tó fẹ́ dìde pọ̀ tí wọ́n ń dúró de òun. Ó bọ̀wọ̀ fún un bó ṣe ń sọ ọ́, "ẹ" lórí "ẹ". Ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ. Mo ti bínú sí ọmọ yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó mọ eegun, ó mọ iṣan, ṣùgbọ́n kò fìgbà kan ní kí àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà jáde, kò sì tún bi Ìyé léèrè ohunkóhun lẹ́yìn ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn.

Bó ṣe lọ tán tí ilé dá, mo dojú kọ Ìyé. Mo pariwo mọ́ àgbàlagbà. "Kí ló dé tí o fi ń ṣe mí báyìí? Ṣé o kò fẹ́ lọ sí ulé wẹ mọ́ ni?"

Ó ní, "Máa ṣe uṣẹ́ wẹ."

Bí ẹbí ṣe pé jọ nìyẹn ní ọjọ́ Jímọ̀ tí ọkọ mi wálé. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, nígbà tí mo ń so kọ́kọ́rọ́ mọ́ etí ìró Ìyé, mo fi ìbínú fà á, mo ta á ní kókó méjì. Lẹ́yìn ìrun, wọ́n jókòó yí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ká. Olórí ẹbí, bàbá arúgbó kan, kọ́kọ́ yìn mí. Ó ní ìyàwó tó ń gbé ìyá ọkọ rẹ̀ bí ẹyin. Mo wólẹ̀, mo dúpẹ́, ara mi ń hó. Ó wá ní, "Ulé tó wà ní Atikori yẹn, òjò ti fẹ́ bà á jẹ́. Ọlọ́hun éè fẹ́ kí ìyá wa padà síbẹ̀, ojú gbogbo wa ló ṣe. Ọmọ Ìyá Kékeré fẹ́ gbéyàwó, kò níbùgbé. Kí wọ́n mú kọ́kọ́rọ́ wá." Mo wo ọkọ mi. Ilẹ̀ ló ń wò. Kò bá wọn jiyàn. Ọjọ́ Jímọ̀ tí àlejò kún ilé nìkan lòun náà ń rí ìyá rẹ̀.

Ìyé ní, "Ìyàwó mi."

Mo dìde gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi, mo ki ọwọ́ bọ abíyá rẹ̀ láti gbé e. Ó fi ọwọ́ òsì gbá ọwọ́ mi kúrò.

"Jókòó," ó ní. "Lọ jókòó sórí àpótí wẹ, níbi tí mo fi wẹ́ sí."

Mo jókòó. Ó sún ìdí rẹ̀ síwájú lórí àga bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ òsì lé ọwọ́ àga. Ó tẹ̀ síwájú, ó gbọ̀n, ó dìde. Ìyá Kékeré ta gìrì láti dì í mú. Èmi, ọmọ àná, mo ké mọ́ ọn níwájú gbogbo ẹbí: "Má ràn án lọ́wọ́!"

Gbogbo wọn yíjú sí mi. Ṣùgbọ́n Ìyé ti fara ti ògiri, ó ti ń rìn, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ̀ lé òsì. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó yí padà, ó wá dúró níwájú Ìyá Kékeré.

Ó ní, "Ẹsẹ̀ mi ti ń rìn tipẹ́. Ẹnu yín ni mo ń sá fún. Èmi ni mo ní kí ìyàwó mi jókòó. Ẹ kọ ọ́ lórin. Ẹ jẹ́ kí ìyá tó bí i wá kúnlẹ̀ níwájú mi, mée lè gbé e dìde. Mo ní ìyẹn éè ní ṣẹlẹ̀ mọ́. Bí ẹ bá ti ń bọ̀, mo ń kú sílẹ̀, kí ẹ lè rí i pé ó ń gbé mi. Mo fi ẹsẹ̀ mi ra orúkọ rere fún un lọ́wọ́ yín." Ó mí. "Mée lè fi ulé mi rà á."

Bí ilẹ̀ bá lanu lọ́jọ́ náà, n kò ní jẹ́ kó pè mí lẹ́ẹ̀mejì. Gbogbo ìgbà tí mo ń gbé e, tí mo ń ṣépè, ìgbà yẹn gan-an ló ń tọ́jú orúkọ mi. Ó jẹ́ kí dókítà lọ nítorí mi. Mo sì ti jókòó síwájú rẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́ fún ìgbà pípẹ́, iṣẹ́ mi kò sì ju kí n máa wò ó, n kò rí i.

Ìyé ní, "Kọ́kọ́rọ́ tí ẹ ń bèèrè rèé. Ìyàwó mi ni n óò fún, kó lọ bá mi gbá ulé náà." Ó fara ti ògiri, ó fi ọwọ́ òsì wá etí ìró rẹ̀ rí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Kókó náà kò tú. Ó gbé e sẹ́nu, ó fi eyín fà á. Kò tú. Mo rí ọkọ mi tó di ọwọ́ ara rẹ̀ mú. Ìyá Kékeré fi tirẹ̀ sábẹ́ ìtan. Mo jókòó sórí àpótí mi. Ìjókòó yẹn ló le jù nínú gbogbo èyí tí mo ti jókòó.

Ó pẹ́ kí ó tó gbé ojú sókè. Ojú tó fi wò mí kì í ṣe èyí tó máa ń ṣe fún àlejò.

"Ìyàwó mi," ó ní, "wá tú u fún mi. Èyí éè ṣeé ṣe fún mi."

Mo lọ, mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Kókó méjì tí mo fi ìbínú ta láàárọ̀ ló wà níbẹ̀, ó le bí òkúta. Aṣọ náà ń yọ́ kúrò lọ́wọ́ mi, n kò lè rí ibi tí mo fẹ́ gbà á mú. Nígbà náà ni mo rí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, èyí tó ti kú láti ọjọ́ agbọ̀n obì, tó ń sún bọ̀ díẹ̀díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú mi. Ó fi ìka méjì di etí aṣọ náà mú fún mi, kí n lè rí i tú.